Mò Ń Tọ Ìlù Ọmọ Mi Lẹ́yìn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé aránṣọ rìnrìn àjò. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ kan fi dé, ó ní yunifọ́ọ̀mù ọmọ òun ńkọ́. Mo ní kí ọmọ náà máa wọ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ṣebí kò tíì ya. Ó kọ hà. Kó máa kọ ọ́ lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

Dókítà ò fi bò mọ́: ọkàn ọkọ mi ti rẹ̀. Ó ní ó lè pẹ́ díẹ̀, ó sì lè má pẹ́. Àná, bí mo ṣe ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Ìyá ọmọ, lọ bá mi mú Aláriwo wá."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi. Ọdún méjì rèé tí kò ti dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Látọjọ́ tó ti kọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tó lọ ń lu ìlù fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì, tí bàbá rẹ̀ ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́, kò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn.

Ó tún fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ o."

Ẹ gbà mí! Wọ́n rán mi níṣẹ́, wọ́n sì ní kí n má jẹ́ ẹ.

Aláriwo ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní ò ju ìwé ìpolówó kan lọ, tí ọmọ oníbàárà mi kan fún mi: ẹgbẹ́ wọn á máa kọrin láti ọgbà ìgbafẹ́ kan dé òmíràn ní gbogbo ìgbà òjò yìí. Ta ló ń kọrin ní ìta gbangba lásìkò òjò? Àwọn wèrè ni. Èmi náà sì ń lọ bá wọn. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ti dé láti tọ́jú rẹ̀. Ó gbé báàgì kan àti ẹjọ́ rẹpẹtẹ dání.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ọgbà àkọ́kọ́. Omi ń já wálẹ̀ láti orí àpáta gíga bí ìgbà tí fọ́nrán bá tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ òwú, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ìyàwó ń fara ti ọkọ. Èmi ò rí ẹwà kankan níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó tutù, mò ń rò ó pé bí omi lásán bá lè máa dà báyìí láìsinmi, kí ló dé tí ọkàn ènìyàn fi ń rẹ̀.

Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Èyí tí àwọn kan ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, owó rẹ̀ tó owó ìránṣọ ìyàwó. Mo bẹ ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì. Mo ní ìyá onílù wọn ni mí.

"Màmá, ìyá onílù kẹrin tó máa wá síbí lónìí lẹ̀ ń jẹ́ yìí," ló wí. "Ọ̀kan tiẹ̀ ní irùngbọ̀n."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí tí mò ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ó fẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín.

Mo dúró lẹ́yìn wáyà láàárín àwọn tí ò rówó bíi tèmi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ mì. Gìtá ń ké bí ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há níka. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìlù lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn. Láti ìgbà tó ti ń fi ṣíbí lu abọ́ nílé ìdáná mi ni mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo fi orí ti wáyà, mo bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin kan tó fi nǹkan dúdú kun ojú gbá mi mọ́ra, ó ní, "Orin yẹn máa ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, Màmá."

Kí n tó rọ́nà dé ẹ̀yìn ìtàgé, ọkọ̀ wọn ti lọ.

Ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Bàtà mi ò gbẹ. Mo pe ilé. Àǹtí ní ọkọ mi jẹun, ó sì bì í.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọgbà kejì. Adágún ńlá ló wà láàárín rẹ̀, àwọn àgbọ̀nrín sì ń rìn káàkiri bí ẹni pé àwọn ló ni ibẹ̀. Ìjì ti jà, ó ti fa tàpólì tó bo ìtàgé ya láti òkè délẹ̀. Àwọn ọkùnrin mélòó kan dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀kan fẹ́ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Sẹ́lótéèpù! Ara mi ò gbà á. Abẹ́rẹ́ ńlá mi wà nínú báàgì bó ṣe máa ń wà. Mo ní kí wọ́n bá mi wá okùn tí wọ́n fi ń pẹja, mo jókòó sórí pákó ìtàgé, mo rán an. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ lé mi tẹ́lẹ̀ ló ń gbé omi fún mi mu.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ló ń ta gìtá. Irùngbọ̀n ni gbogbo wọn ń pè é, irùngbọ̀n ọ̀hún sì dé àyà. Ó ní kí ni òun lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Onílù yín."

Aláriwo jáde láti inú ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Apá rẹ̀ ti le bí apá ẹni tó ń la igi. Ó rí mi, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo wá wo àgbọ̀nrín ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi, ó fún mi mọ́ra débi tí egungun mi dún. A lọ jókòó létí adágún. Mo sọ fún un nípa ọkàn bàbá rẹ̀, mo sọ nípa ẹsẹ̀ tó wú àti oògùn tí kò fẹ́ lò. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ìka lu orúnkún ara rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní kí n wá?"

Mo rántí ohun tí bàbá rẹ̀ ní kí n má sọ. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó o wá."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi, Màmá. Ẹni tó lé ènìyàn ló ń pe ènìyàn padà. Bí bàbá ò bá fẹnu ara wọn pè mí, n ò lọ."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní tó bá kú ńkọ́?"

Ó dìde, ó ní wọ́n fẹ́ yẹ ìlù òun wò kí èrò tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é.

Olóríkunkun ni bàbá, olóríkunkun lọmọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe afárá. Wọ́n ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ láti ìhín àti láti ọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó ń sọdá.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Ṣé ó sanra?"

"Ó gbẹ. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le ju tiyín lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́. Mo gbọ́ tí Àǹtí ń pariwo lẹ́yìn pé ta ló ní kó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "O ò sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ?"

"Mi ò sọ. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín pe òun."

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lábẹ́ rẹ̀.

"Òjò ń rọ̀ níbí o," ló wí, ó sì gé fóònù.

Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù ọ̀hún sínú adágún. Bóyá àgbọ̀nrín á bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti di aránṣọ ẹgbẹ́. Irùngbọ̀n ní kí n máa bá wọn lọ, ó ní òun ò tún fẹ́ gbọ́ sẹ́lótéèpù mọ́ láyé òun. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí, láàárín àwọn ìlù. Iwájú ni Aláriwo wà. A ò fi bẹ́ẹ̀ bára wa sọ̀rọ̀. Oorun gbé mi lọ, nígbà tí mo jí, mo bá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára mi.

Ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n kó aṣọ ìtàgé wọn fún mi láti tún ṣe. Mo rí ṣòkòtò Irùngbọ̀n, orúnkún méjèèjì ti ya, itan ti ya, ìdí pàápàá ti fẹ́ẹ̀ jáde. Àánú ṣe mí. Mo ní ọmọ yìí ò níyàá ni? Mo fi gbogbo ọ̀sán lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni mo fi rán an, débi tí o ò ní mọ ibi tó ti ya. Mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo gbé e fún un.

Irùngbọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka tọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, "yíya yẹn ni mo sanwó fún."

Ta ni yóò sọ fún mi pé ayé ti dé ibi tí wọ́n ń ta ihò? Aláriwo rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an ni, ẹ̀rín tí í bẹ̀rẹ̀ láti imú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Bí wọ́n bá jọ wà nínú yàrá kan ṣoṣo fún wákàtí kan péré, wọn ì bá ti rín irú ẹ̀rín yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọgbà kẹta. Igbó ni gbogbo rẹ̀, igi tó ga tó jẹ́ pé ọrùn á ro ọ́ kó o tó rí orí wọn. Ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi. Ó gun igi, ó jókòó, ó ń wojú mi bó ṣe ń jẹ ẹ́. Mo bú u dé ìdí ilé. Aṣọ́gbà kan wá bá mi, ó ní ṣé mi ò rí pátákó ni, a ò gbọdọ̀ fún ọ̀bọ lóúnjẹ. Ṣé mo fún un ni?

Àǹtí pè. Ọkọ mi ò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, bó bá dùbúlẹ̀, èémí kì í kan án. Orí àga ló ń sùn.

Mo tún bẹ Aláriwo. Mo bẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń di okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó ti rẹ̀ yín, ẹ jẹun." Ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá bínú jù nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kẹfà

Wọ́n lọ wo ibi gíga kan tí ènìyàn ti ń rí gbogbo igbó náà láti òkè. Aláriwo ní kí n wá, mo wá. Àwọn yòókù ń ké pé ó mà dára o. Gbogbo ohun tí mo rí ò ju bí ilé ṣe jìnnà tó.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo pe ilé. Mo ní kí Àǹtí gbé fóònù sí ọkọ mi létí, kó má bi mí ní ìbéèrè kankan. Èyí nira fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, mo na fóònù sókè. Òjò ń ṣe wínníwínní. Àwọn èrò ń fò, ẹrẹ̀ ń ta sí mi láṣọ. Ní àárín orin kan, gìtá dákẹ́, olórin dákẹ́, ó wá ku Aláriwo nìkan. Ó dorí kodò, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń le sí i, títí mi ò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlù náà àti àyà mi tó ń lù. Apá ń ro mí, mi ò sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tó parí, mo gbé fóònù sétí. Mo rò pé ó ti gé.

"Òun nìyẹn?" ọkọ mi bi mí.

"Òun ni."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ni, Bàbá."

Mo gbọ́ tó ń wá èémí. "Ó ń sáré jù," ló wí. "Ìyá ọmọ, jẹ́ iṣẹ́ mi. Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀ wálé."

Mo fò sókè nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àwọn wèrè yẹn. Èmi, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Ọjọ́ kẹwàá

Kò gbà mí gbọ́.

Mo ti lérò oríṣiríṣi, mi ò lérò èyí. Ó jókòó sórí àpótí ìlù, ó ní, "Màmá, láti kékeré lẹ ti máa ń bá bàbá sọ ohun tí wọn ò sọ. Ẹ ní wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí, wọn ò kí mi. Ẹ ní àwọn ni wọ́n ra bàtà fún mi, ẹ̀yin lẹ rà á."

"Mo fi Ọlọ́run búra, ó sọ ọ́ lánàá."

"Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí."

Mo pè. Àǹtí ló gbé e. Ó ní wọ́n ti gbé ọkọ mi dé ọsibítù ní òwúrọ̀, wọ́n ti fi nǹkan bò ó nímú àti lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀. "Máa bọ̀," ni Àǹtí wí. Kò rojọ́ kankan mọ́ ọn. Ìyẹn ló já àyà mi jù.

Mo ní, "Aláriwo, dìde ká lọ."

Ó ti dìde tán kó tó tún jókòó. Ó ní Sátidé ni orin tó tóbi jù lọ, lórí òkè, àwọn ti ń múra sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sì sí onílù mìíràn. Ó wo Irùngbọ̀n, Irùngbọ̀n wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Máa rò ó," mo wí. "Ikú náà ń rò ó."

Mo gbé báàgì mi. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ tuntun sínú fóònù mi, ó sì gba tèmi. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró ná." Mi ò dúró. Òjò pa mí dé ibùdókọ̀, ó sì bá mi dé ilé.

Ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. A mọ ohun tí dókítà ń sọ nígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta.

Ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí a yí bẹ́ẹ̀dì òun kó kọjú sí fèrèsé, kí òun lè máa wo géètì. Àǹtí ní atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i. Ó ní kó máa fẹ́. Ó ní kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà.

"O jẹ́ iṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ń rò ó."

Ó mi orí. "Ó jọ mí," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ẹ wo ọkùnrin yìí! "Lọ́la, n ó jókòó dáadáa. Kó má bá mi ní ìdùbúlẹ̀."

Mo pe nọ́ńbà Aláriwo. Kò lọ. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí òkè yẹn.

Ọjọ́ kẹtàlá

Sátidé. Àtẹ̀jíṣẹ́ Aláriwo wọlé ní àárọ̀. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Mama e ma binu. N o wa. E ba mi so fun baba."

Ó tán. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó. Mo pe nọ́ńbà náà, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Ó ti pa fóònù kó má baà gbọ́ ohùn mi. Òní lorin wọn, kí ló kàn án? Mo tọ̀ ọ́ láti ọgbà dé ọgbà, mo rán tàpólì, mo rán ṣòkòtò, ọ̀bọ gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ bíńtín yìí ni mo rí gbà.

Mo fẹ́ pa irọ́ fún ọkọ mi. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń to irọ́ náà bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó dáadáa bó ṣe wí, Àǹtí ti bá a wọ ẹ̀wù funfun, ó sì ti rí fóònù lọ́wọ́ mi.

"Aláriwo ni? Kí ló wí?"

Irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

Mo ní, "Ó ní ká má bínú. Òun ò wá."

Ó wo géètì fún ìgbà díẹ̀ sí i.

"Ó dáa," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló ní kí a yí bẹ́ẹ̀dì òun padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Kò jẹun. Kò mu omi. Àǹtí ń bú ọmọ náà láti àárọ̀, títí mo fi ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi yéé bú u. Òòrùn yọ lónìí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkọ mi kú ní ọ̀sán. Ògiri ló kọjú sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò di tèmi.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Aláriwo dé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó gbé báàgì kan kọ́ èjìká. Àwọn aládùúgbò ti gbé àga síta, àwọn kan ti jókòó. Ó rí àga, ó dúró lójú kan nínú géètì. Mo jáde sí i. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ fún un, ọ̀rọ̀ tí ìyá kì í sọ sí ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé ta ló ń wá.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣebí mo kọ ọ́ sí yín pé n ó wá. Màmá, mo ní n ó wá! Kí ló dé tí wọn ò dúró dè mí?"

N ó wá.

Ó gbé e sókè lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà. Mo di ara géètì mú.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní "màá wá", èmi náà á ní "màá wá". Òun, ẹnu bàbá rẹ̀ ló gbà. N ó, n ò, bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n sọ. Mo mọ̀. Ta ni yóò mọ̀ jù mí lọ? Fóònù ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi àmì sí i. Mo wò ó, mo sì fa ohùn ọmọ mi lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni mo ti wà láti oṣù kẹfà. Ká ní mo gbé fóònù náà fún ọkọ mi kó kà á fúnra rẹ̀, òun ì bá gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́.

Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní òun kò lu ìlù ọjọ́ Sátidé náà. Òun ti sọ fún Irùngbọ̀n ní àárọ̀ pé òun ń lọ, inú bí wọn, wọ́n fi orin náà sílẹ̀. Òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ níbi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, lẹ́yìn náà ni ṣájì fóònù tán. Òjò ti gbá ọ̀nà òkè náà lọ, bọ́ọ̀sì ò lè sọ̀kalẹ̀, òun fẹsẹ̀ rìn. Ó ń kà á bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́.

A wọlé. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn."

"Ẹ jẹ́ iṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ."

"Kí ni wọ́n wí?"

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ife omi. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí ní géètì, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń wò mí. Obìnrin tí kò gbé ọ̀rọ̀ mì rí láyé rẹ̀.

"Ó ní ó dáa," mo wí.

Aláriwo fi ọwọ́ bo ojú. "Wọ́n ní ó dáa," ó tún un wí. "Wọ́n ní ó dáa." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín láti imú.

Àǹtí gbé omi náà fún un. Kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kejìdínlógún

A sin ín lánàá. Irùngbọ̀n àti àwọn yòókù wá, wọ́n wọ ṣòkòtò tí kò ya.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Àǹtí ti padà sílé rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà o." Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu géètì.

Mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò ṣí aṣọ orí rẹ̀.

Lónìí ni Aláriwo padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ọgbà kan ṣì kù kí ìgbà òjò tó parí. Ó ní kí n bá òun lọ, mo ní rárá. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ti ń jọ ènìyàn padà, ó ń jẹun, ó ń sùn. Bọ́ọ̀sì ti ń pe èrò nígbà tó yíjú sí mi.

"Màmá, ẹ tún bá mi sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

"Ó ní ó dáa."

"Ṣé tẹ̀rín-tẹ̀rín ni?"

Mo tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tí kò wọ́ ṣe.

"Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni," mo wí. "Ojú fèrèsé ló wà, ó ń wo géètì."

Ó gbà mí gbọ́.